Àwa Ọmọ Síkáòtù Sùúrùlérè

Ẹni tí ó bá dé Sùúrùlérè lónìí, tí ó rí bí ilé ti fẹnu ko ilé láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Láwànsọ́n, tí ó sì gbọ́ bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti ń bá fèrè kẹ̀kẹ́ Márúwá díje, kò ní gbà gbọ́, bí a tilẹ̀ fi irin búra fún un, pé igbó àti àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí nígbà tí a dé ibẹ̀, àti pé ọmọdé lè wọ inú igbó Ìtìrè lọ ní òwúrọ̀ kí ó má bá ẹ̀dá alààyè pàdé títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí. Àwa tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wa kò pọ̀ lókè eèpẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1956 ni ìdílé wa kúrò ní Erékùṣù Èkó, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, èyí tí tèwe-tàgbà mọ̀ sí L.E.D.B., bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra lẹ́yìn Broad Street, tí wọ́n ní wọ́n ń fa àrùn, wọ́n sì ń ba ojú olú-ìlú jẹ́, tí wọ́n wá kó àwa onílé àti ayálégbé ibẹ̀ sọdá afárá Carter lọ sí àwọn ilé tuntun tí ìjọba kọ́ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ní ibi tí wọ́n fún ní orúkọ New Lagos. Ìyá bàbá mi, tí ó kọ̀ láti bá wa lọ, dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń ki Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, àrómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, bí ọkọ̀ ẹrù ti ń gbé wa lọ, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀ ẹni tí ó bá ti sọdá afárá ti kúrò ní Èkó.

Ohun tí ìjọba kò kà mọ́ iye ohun tí ó wó ni agbo ilé. Ní Erékùṣù, bí ọmọ bá ṣe àìdáa ní ẹnu ọ̀nà, ìyá tí kò bí i ni yóò kọ́kọ́ nà án kí ìyá tí ó bí i tó gbọ́. Bí ebi bá sì pa á, yàrá tí ó bá súnmọ́ ọn ni yóò ti jẹun. Ní New Lagos, olúkúlùkù ọkùnrin wà nínú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n wà ní òpópónà kan, àbúrò wà ní òmíràn tí ó jìnnà, àwọn bàbá wa a sì ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù kí àkùkọ tó kọ tán, àwọn ìyá wa tí oníbàárà wọn ṣì wà ní Ọjà Jankárà náà a tẹ̀ lé wọn. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó wá wádìí bí ìṣípòpadà yìí ti ṣe àwọn ènìyàn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, kọ ọ́ síbẹ̀ bí owó ọkọ̀, owó ilé àti jíjìnnà sí mọ̀lẹ́bí ti ń pọ́n ọ̀pọ̀ lójú. Èyí tí ó kan àwa ọmọdé kò gba ìwé kíkọ: a ó ti ilé ìwé dé, a kò ní bá àgbà kan nílé. Inú ààfo yẹn ni ẹgbẹ́ Bọ́ì Síkáòtù ti bá wa, ó sì dá mi lójú títí di òní pé bí kì í bá ṣe ti ẹgbẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá ti di ẹrù ọlọ́pàá kí irùngbọ̀n tó hù wá.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọmọ àná. Robert Baden-Powell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà tí wọ́n dó ti ìlú Mafeking ní gúúsù Áfíríkà, ni ó kó àwọn ọmọkùnrin bí ogún lọ sí erékùṣù Brownsea ní 1907 láti dán èrò rẹ̀ wò, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1915 ẹgbẹ́ ti dé Nàìjíríà, ó bá Bọ́ìsì Bìrìgéèdì tí ó ti wà ní Èkó láti 1908, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, Gẹ́ẹ̀lì Gáìdì, sì tẹ̀ lé e ní 1919. Kò yẹ kí a fi òótọ́ pamọ́: àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé e wá fẹ́ kí a di ọmọ tí yóò wúlò fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì, Ọjọ́ Ẹ́ńpáyà kì í sì í kọjá kí àwọn ọmọ oníkakí má yan kọjá níwájú àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní àdá, kì í ṣe oko olówó àdá nìkan ni ó lè fi ro.

Olórí ẹgbẹ́ wa, tí a ń pè ní Másítà, jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í sókè, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ lásán. Ó wá bá bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ, fún ọjọ́ Sátidé nìkan." Bàbá mi, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tòótọ́, bi í bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n mú ọmọ òun wọ̀. Másítà dáhùn pé nínú ẹ̀jẹ́ tí ọmọ yóò jẹ́, Ọlọ́run ni ó ṣíwájú, ọ̀nà tí olúkúlùkù sì ń gbà sìn ín wà lọ́wọ́ ilé tí ó ti wá; ó ní bí àkókò ìrun bá tó ní ibùdó, òun fúnra òun ni yóò pọn omi àlùwàlá fún mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì ń ṣe. Mo ṣì ń rí i, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọọjọ́ Àìkú, tí ó gbé bútà dání ní ìdàjí, tí ó ń jí àwa ọmọ Mùsùlùmí kí oòrùn má baà gba Súbùhì mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti ọwọ́ òsì. Jákèjádò ayé, ọwọ́ òsì ni àwọn Síkáòtù fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ta ni kò sì mọ̀ pé ọmọ tí ó bá na ọwọ́ òsì sí ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá ti tàbùkù gbogbo ẹni tí ó tọ́ ọ? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ní ọjọ́ tí ìyá bàbá mi wá kí wa láti Erékùṣù, tí ó rí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi tí a bọ ara wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní ojúde, ó ká ọwọ́ lé orí, ó figbe ta: "Yéè! Ta ní mú ọmọ mi wọ Ògbóni?" nítorí ọwọ́ òsì ni àwọn Ọmọ Ìyá ń fi kí ara wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Másítà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìsàlẹ̀ wá: bí Baden-Powell ti bá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé Kùmásì ní ilẹ̀ Aṣáńtí ní 1896, bí wọ́n ti ní ìjòyè kan na ọwọ́ òsì sí i, tí ó ní bí akọni ti ń kí akọni nìyẹn, nítorí ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú, ẹni tí ó bá sì gbé asà rẹ̀ sílẹ̀ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti sọ fún ọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé ọ. Ìyá àgbà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ẹ má sáà fi gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi." Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n gbà ń sọ ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, pé nínú gbogbo ohun tí òyìnbó kó tọ̀ wá wá, ọ̀kan wà tí ó ti ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú jáde, tí ó yí ayé ká, tí ó sì padà wá bá wa ní Sùúrùlérè.

Aṣọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí apá gbogbo òbí ká: ṣòkòtò péńpé, ẹ̀wù kakí alápò méjì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí a ká sábẹ́ orúnkún, àti aṣọ ọrùn tí a fi òrùka awọ dè ní ọ̀fun. Másítà kò gbà kí òbí kankan jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, nígbà ìsinmi Àjíǹde, a ó pín ara wa káàkiri láti Yàbá dé Ìdí-Orò, a ó máa kan ilẹ̀kùn, a ó máa béèrè iṣẹ́, ìbáà ṣe ọkọ̀ fífọ̀, koríko gígé, tàbí igi lílà. Ṣílè kan fún iṣẹ́ kan, inú àpò ẹgbẹ́ sì ni owó náà ń lọ, kí ọmọ ẹni tí kò ní lè rí aṣọ wọ̀ bí ọmọ ẹni tí ó ní. Ìyá oníyán kan nítòsí Ọjà Yàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí kí a máa sanwó fún ọmọdé kí ó tó ran àgbà lọ́wọ́. A gún iyán fún un títí apá fi ń ro wá; ó bọ́ wa yó, ó súre fún wa, kò sì san kọ́bọ̀. Másítà kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó wa pé "oúnjẹ àti ìre", ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ pé.

Wọ́n kọ́ wa ní okùn títa ní oríṣìíríṣìí kókó, a kọ́ bí a ti ń tọ ipasẹ̀ nínú igbó, bí a ti ń fi àsíá méjì sọ̀rọ̀ láti orí òkè kan sí èkejì, bí a ti ń di ọgbẹ́, bí a ti ń fi igi gbè eegun tí ó ṣẹ́, àti bí a ti ń dáná kí èéfín má baà pa ará ibùdó lẹ́kún. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ẹgbẹ́ náà fún wa ní ti gidi, n óò sọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Àwa ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó ń wà nínú Pátírọ́ò kan, olórí wa kì í sì í ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ọmọ yẹn ni Másítà yóò kó owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lé lọ́wọ́, tí yóò wò lójú, tí yóò sì wí fún pé, "Ìwọ ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́." Kò ní tún béèrè mọ́ títí a ó fi padà. Nílé, ọmọdé ni wá, a ń rán wa níṣẹ́, a kì í fún wa ní àṣẹ. Nílé ìwé, pàṣán ni ó ń darí wa. Inú igbó Ìtìrè nìkan ni ẹnìkan ti gbà pé àwa náà lè di ohun kan mú kí ó má bọ́. Àwọn bàbá wa ni wọ́n kúkú sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo rí ẹni tí ó ń fi òwe náà ṣe ìwà hù.

Òjò kan rọ̀ ní òru ọjọ́ kan tí a wà ní ibùdó, àgbàrá gba abẹ́ àgọ́ wa kọjá, èèkàn fà tu, aṣọ àgọ́ sì wó lé wa lórí nínú òkùnkùn biribiri. Àwọn kéékèèké bú sẹ́kún. Olórí Pátírọ́ò wa ní kí olúkúlùkù pe orúkọ ara rẹ̀, kí ó mọ̀ pé a pé. Ó ní kí ẹni tí ó tóbi di ọwọ́ ẹni tí ó kéré mú. Ó sì kó wa ní ọ̀wọ́ kan lọ sí orí ilẹ̀ tí ó ga, níbi tí a jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ojúmọ́ là ni a tó rí i pé Másítà ti wà nítòsí láti ìbẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi kan, pẹ̀lú àtùpà tí ó fi aṣọ bò, ó tutù rinrin. Ó ti ń wò wá. Kò wí ohun kan ju pé kí a wá igi gbígbẹ. Mo ti bá ọ̀jọ̀gbọ́n púpọ̀ pàdé láti ìgbà náà, n kò tíì rí ẹ̀kọ́ tí ó ju ìdákẹ́jẹ́ ọkùnrin yẹn lọ.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960, a wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, kakí wa le kókókó nítorí sítáàṣì, àwọn kan nínú wa gbé omi àti báńdéèjì dání fún ẹni tí oòrùn bá dá wó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ àgbáyé ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa ni a wá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, kì í ṣe Ọbabìnrin mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lẹ́nu wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo di olùkọ́, wọ́n sì gbé mi lọ sí Múṣin, èyí tí ó jẹ́ ara Ìwọ̀-Oòrùn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù karùn-ún 1967. Níbẹ̀ ni èmi náà ti di Másítà. Múṣin kò dà bí Sùúrùlérè tí ìjọba fi okùn wọ̀n. Olúkúlùkù kọ́lé bí agbára rẹ̀ ti mọ, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wọ̀ ọ́ láti ilẹ̀ gbogbo bí ọkọ̀ ti ń já wọn sílẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá fi ẹgbẹ́ mọ sí ọgbà ilé ìwé, àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù kò ní fojú kàn án, nítorí náà mo ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́: ti mẹkáníìkì, ti télọ̀, ti káfíńtà. Mo lọ bẹ àwọn ọ̀gá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Másítà ti bẹ bàbá mi. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, tí gbogbo Nàìjíríà yí ọkọ̀ wíwà padà láti apá òsì sí apá ọ̀tún, mo kó wọn lọ sí Ojúẹlẹ́gba láti máa ran àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ sọdá, torí ibi tí ojú ẹni ti mọ́ ọn lára láti wò láti kékeré ti di ibi tí ewu kò sí mọ́, ẹ̀yìn ẹni ni ọkọ̀ ń gbà yọ. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan, tí kò mọ̀ ju kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ, na ọwọ́ sókè, ó sì dá bọ́ọ̀sì ńlá kan dúró kí arúgbó kan lè kọjá. Awakọ̀ yọjú láti bú u, ó rí kakí, ó rí bí ọmọ náà ti dúró, ó sì pa ẹnu mọ́. Ọmọ yẹn kò tún rìn bí ẹni tí a gàn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Báwo ni ó ti wá di pé ọmọ tí ó ń kọjá ní Ìdí-Orò lónìí kò mọ ohun tí Síkáòtù jẹ́? Díẹ̀díẹ̀ ni, ilẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní 1976, àwọn ọmọ kún ilé ìwé Èkó débi pé àwọn kan ń wá ní òwúrọ̀, àwọn kan ń wá ní ọ̀sán. Lateef Jákàńdè, tí ó di Gómìnà ní 1979, pinnu pé ohun tí kò dára ni, ó sì kọ́ kíláàsì síbi gbogbo tí ó rí àyè, títí kan orí pápá. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, tí mo ti rí ọmọ tí ó ń sùn lórí tábìlì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò lè bú u. Ó fẹ́ kí ọmọ mẹ̀kúnnù kàwé, wọ́n sì kà á. Ṣùgbọ́n pápá tí ọmọ ń sáré lé lórí kò padà wá mọ́. Ní àkókò kan náà ni ilé gba igbó Ìtìrè, ó gba Ìjẹ̀ṣà, ó gba gbogbo ibi tí a ti ń pàgọ́, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọdé.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni àwọn àgbà lọ. N kò sọ pé wọ́n kú. Láti 1986 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, tí náírà wó, tí owó oṣù olùkọ́ àti akọ̀wé kò tó ra oúnjẹ mọ́, ọjọ́ Sátidé di ọjọ́ tí ọkùnrin ń wá owó kún owó: ẹnìkan ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìn, ẹnìkan ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kabúkabú, ẹnìkan ń ta búrẹ́dì. Ẹgbẹ́ tí a gbé ka orí àyè àgbà kò lè dúró níbi tí àgbà kò ti ní àyè. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jọba lé wa lórí fún ọdún gbọgbọrọ sì ti sọ kakí, tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ìrẹ̀lẹ̀, di aṣọ tí àyà ìyá ọmọ ń já bí ó bá rí i. Olúkúlùkù ìjọ àti ẹgbẹ́ àdúrà tún dá ẹgbẹ́ aláṣọ-kan tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Èyí kò burú, àfi pé bútà tí Másítà gbé kò sí nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, àwọn bọ́ǹbù tí ó wà nínú ilé ìkóhun-ìjà bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ní Múṣin níbi tí mo wà, fèrèsé ń gbọ̀n, ọ̀run pọ́n, àwọn ènìyàn sì tú sí títì, olúkúlùkù ń sá lọ sí ibi tí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ń sá lọ. Ní Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ inú odò kànáàlì tí ewéko bò lójú tí ó fi dà bí ilẹ̀ gbígbẹ nínú òkùnkùn. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò ní òru yẹn lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá wọn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ Síkáòtù kan ì bá dá wọn dúró. Ìpayà bẹ́ẹ̀ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni mo ń rántí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ní kí olúkúlùkù pe orúkọ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ẹni tí ó tóbi di ọwọ́ ẹni tí ó kéré mú, kí a sì kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ ga kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ọmọ Èkó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànáàlì láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò sì sí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ní ojúmọmọ láti fi ibi tí omi náà gbà hàn án.

Láti ìgbà náà ni n kò ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ̀fọ̀ mọ́ pé igbó ti tán, nítorí náà Síkáòtù ti tán. Kànáàlì ni igbó àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wáyà iná tí ó já sílẹ̀ ni, ọkọ̀ agbépo tí ó ṣubú ni, ilé tí ó ń wó ni, ọ̀kadà tí ó gbá ènìyàn ni. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà wúlò ju ẹni tí ó mọ oríṣi kókó ogún lọ.

Wọ́n sì máa ń sọ pé fóònù ni ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa. Èmi kò gbà. Ẹ wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Awáwà, tí wọ́n ń da òpópónà rú, àwọn mìíràn kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ: orúkọ ni wọ́n wá lọ síbẹ̀, ẹ̀jẹ́ ni, olórí tí ó ju wọn lọ díẹ̀ ni, ìkíni tí àjèjì kò mọ̀ ni, àti ẹni tí yóò sọ fún wọn pé òun gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí a kò ní nínú àpótí wa. Àwa ni a tì í pa, tí ẹlòmíràn sì ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Àwọn òbí pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibùdó ní ayé ajínigbé? Ẹ̀rù mìíràn sì wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí ó tóbi tí ó sì lówó, lọ sí kóòtù ní 2020 pé gbèsè wọ òun lọ́rùn, nítorí àwọn tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ti bà jẹ́ ní kékeré ti dàgbà, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, bílíọ̀nù 2.46 dọ́là ni àpò tí wọ́n ní láti ya sọ́tọ̀ fún wọn. Wọ́n ti gba ọmọbìnrin wọlé, wọ́n sì ti yí orúkọ padà sí Scouting America ní 2025. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Másítà tèmi jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ààbò ọmọ ka orí pé àgbà kan jẹ́ olóòótọ́. Àgbà méjì ni kí ó máa wà pẹ̀lú ọmọ nígbà gbogbo, kí òbí sì lè dé ibùdó nígbàkígbà láìkọ̀wé ṣáájú. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n ti ń wọ ẹgbẹ́ níhìn-ín náà, àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń kùn, wọ́n ní Gáìdì ni tiwọn. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin gbágbáágbá, ìdí rẹ̀ sì wà ní Múṣin.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń lọ wò bí ẹsẹ̀ bá gbà fún mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń darí rẹ̀, àgbàlagbà mìíràn sì máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń mú àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànáàlì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń kọ ibi tí gọ́tà ti dí sílẹ̀, àti ilé tí arúgbó wà tí kò lè dá rìn bí omi bá ya wọlé. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ni a fi arúgbó yẹn lé lọ́wọ́. Bí òjò bá ṣú, òun ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo bi í ohun tí ó kù tí ó nílò. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ ni o. Ilé ìwé tí wọ́n gbà wá sí máa ń fi pápá wọn háyà fún òde àríyá. Bí ìnáwó bá wà ní Sátidé, ẹ̀gbẹ́ títì la máa ń wà."

Mo wá ń sọ ọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ Múṣin, ti Sùúrùlérè àti ti Lagos Mainland, kí olúkúlùkù wọn ya pápá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, tí a kò ní fi ṣe ìpolongo ìbò, tí a kò ní háyà fún aláríyá, tí a óò fi òfin dè kí alága tí ó bá dé lọ́la má baà tà á. Kí omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kí ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin sì wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ìjọ tí wọ́n gba ilé ìwé wọn padà lọ́wọ́ ìjọba ní 2001. Igbobi College ní Yàbá, CMS Grammar School ní Bàrígà àti St. Finbarr's ní Akọ́kà ṣì ní pápá, ọmọ ilé ìwé kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Wákàtí mẹ́ta tó, láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì náà ti ní kí n bá òun kọ lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì fúnra wa mú un lọ.